Òróró Orí Ìwé, Omi Inú Táǹkì: Ọ̀rọ̀ Bayonne ní 1963

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1963, àwọn báǹkì àti oníṣòwò ńlá ní New York, Chicago àti London ní ìwé lọ́wọ́ tó sọ pé òróró sóyà wà fún wọn nínú àwọn táǹkì kan ní Bayonne, ìlú etí omi ní New Jersey tó kọjú sí Staten Island. Èyí tó pọ̀ nínú ìwé náà kì í ṣe ayédèrú. Orúkọ American Express, ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà tó ń ta ìwé owó fún àwọn arìnrìn-àjò, ló wà lórí rẹ̀, ọ̀gá tó láṣẹ ló sì fọwọ́ sí i. Òróró ni kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa yẹ àwọn táǹkì náà wò tán, owó tí wọ́n ti yá jáde lórí òróró tí kò sí yìí ti lé ní mílíọ̀nù 150 dọ́là, ilé-iṣẹ́ bí àádọ́ta ló sì fara gbá a.

Àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ nípa ọjà òróró, bàbà, epo rọ̀bì tàbí kòkó fẹ́ràn gbọ̀ngàn tí ọkùnrin ti ń pariwo, tí tẹlifóònù mẹ́ta ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo wà nínú iṣẹ́ yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Bayonne, àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀ jù kò pariwo rárá: akọ̀wé tó kọ nọ́ńbà tí wọ́n pè sí i láti òkè táǹkì sílẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka tí kò fẹ́ pàdánù oníbàárà tó ń mú èrè wá, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ka orúkọ orí ìwé tí kò sì béèrè ohun tó wà nínú ọgbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nínú òwò yìí, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni Tino?

Tino ni ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ Bayonne. Anthony De Angelis ni orúkọ rẹ̀, Tino ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i, ọmọ àwọn ará Ítálì tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ni, Bronx ló sì dàgbà sí. Alápatà ni, ẹlẹ́dẹ̀ pípa àti kíkun sì ni iṣẹ́ tó fi gbajúmọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó gba àkóso ilé-iṣẹ́ ẹran kan tó ń jẹ́ Adolf Gobel, èyí tó ń ta ẹran fún ètò oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń sanwó rẹ̀. Ìjọba fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ náà pé ó ń gba owó ju bó ṣe yẹ lọ. Gobel wọ gbèsè ní 1953. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣírí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yá Tino lówó ní 1957 lè rí gbogbo rẹ̀ ka.

Ní 1954, Amẹ́ríkà ṣòfin kan tó jẹ́ kí orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ máa ra oúnjẹ tó ṣẹ́kù lórí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìrọ̀rùn. Òróró sóyà àti òróró kóró òwú wà lára rẹ̀. Tino rí ọ̀nà níbẹ̀. Ní 1955, ó dá Allied Crude Vegetable Oil Refining Corporation sílẹ̀, ó sì gba ọgbà táǹkì kan ní Bayonne tí wọ́n ti fi kó epo bẹntiróòlù pamọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn táǹkì náà ti gbó, àwọn mìíràn ń jò, ṣùgbọ́n owó wọn kò wọ́n, ọkọ̀ òkun sì lè gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Iṣẹ́ Allied ni kí ó ra òróró tútù lọ́wọ́ àwọn tó ń fún sóyà ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, kí ó sè é, kí ó sì kó o fún àwọn tó ń kó ọjà lọ sí òkè òkun.

Ó ń ra òróró ní owó tó ga ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń tà á ní owó tó kéré sí tiwọn. Ó yẹ kí èyí da oorun láàmú lójú gbogbo ẹni tó mọ òwò. Èrè òwò òróró kì í ju ìdá kékeré sẹ́ńtì lórí pọ́ùn ìwọ̀n kan lọ. Ẹni tó bá jó o láti òkè tó tún jó o láti ìsàlẹ̀, kí ló ń jẹ? Owó yíyá ló ń jẹ. Òróró kò tíì jáde kúrò ní Bayonne, Tino ti gba owó báǹkì lórí rẹ̀, owó yìí ló sì ń fi ra òmíràn.

Rìsíìtì tó dúró fún ẹrù

Ẹni tó ní ẹrù tí kò ní owó lọ́wọ́ lè fi ẹrù náà dógò. Báǹkì kò lè gbé òróró sínú ilé rẹ̀. Kò sì lè fi í sọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kó má baà tà á mọ́ ọn lójú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe ẹnìkẹta wọlé. Ilé-iṣẹ́ ìkẹ́rù yóò háyà apá kan nínú ọgbà ẹni tó ni ẹrù, owó táṣẹ́rẹ́ ló ń san fún un. Yóò gbé pátákó tirẹ̀ síbẹ̀, yóò fi àgádágodo tirẹ̀ ti àwọn fáàfù, yóò gba olùṣọ́. Láti ìgbà náà, lójú òfin, ẹrù inú ọgbà yẹn ti kúrò ní ìkáwọ́ ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó wà ní àná náà ló wà lónìí. Olùṣọ́ á wọn ẹrù, ilé-iṣẹ́ ìkẹ́rù á kọ rìsíìtì, báǹkì á gba rìsíìtì, á sì yá ẹni tó ni ẹrù ní owó tó kéré díẹ̀ sí iye ọjà. Rìsíìtì yìí lè ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá mú un wá sẹ́nu ọ̀nà ló ni òróró.

American Express dá irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1944. Kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwò ìwé owó arìnrìn-àjò tó sọ ilé-iṣẹ́ náà di olókìkí. Ní 1957 ni Allied di oníbàárà rẹ̀, kò sì pẹ́ tí Allied fi di oníbàárà tó tóbi jù lọ fún ẹ̀ka náà.

Ibi méjì ni ètò yìí ti ní ihò látìbẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀ ló ń sanwó fún olùṣọ́. Báǹkì tó gbára lé rìsíìtì kò san kọ́bọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ìkẹ́rù. Allied ló ń san án, bí òróró orí ìwé bá sì ṣe pọ̀ tó ni owó náà ń pọ̀ tó. Èkejì, àṣà gbogbo ilé-iṣẹ́ ìkẹ́rù nígbà náà ni pé kí wọ́n gba olùṣọ́ láti inú àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà fúnra wọn. Ìdí rẹ̀ kò burú: ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló mọ páìpù tó lọ síbi táǹkì yìí àti fáàfù tó ń dí. Ìwé owó oṣù rẹ̀ á yí padà, orúkọ American Express á wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì ń kọjá níwájú rẹ̀ láràárọ̀, bí wọ́n bá sì pa ilé ìkẹ́rù náà tì lọ́la, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni yóò padà sí.

Bí omi ṣe ń di òróró

Bí wọ́n ṣe ń wọn táǹkì kan ni pé ọkùnrin kan á gun àkàbà dé òkè, á ṣí ọmọrí kékeré, á sì ju téèpù onírin sísàlẹ̀. Irin tó wúwo wà lẹ́nu téèpù náà kí ó lè lọ tààrà. Bí ó bá kan ìsàlẹ̀, á fà á sókè, á wo ibi tí òróró dé lára rẹ̀, á sì pe nọ́ńbà náà sí akọ̀wé tó dúró nílẹ̀. Akọ̀wé á kọ ọ́. Ní ọ́fíìsì, wọ́n á wo ìwé ìṣirò táǹkì yẹn, èyí tó ń sọ iye gálọ́ọ̀nù tó wà nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ gálọ́ọ̀nù di pọ́ùn ìwọ̀n. Gálọ́ọ̀nù òróró sóyà kan jẹ́ nǹkan bíi pọ́ùn 7.7. Ti omi lé ní 8.3.

Nínú nọ́ńbà méjì yìí ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà wà. Omi wúwo ju òróró lọ, nítorí náà òróró máa ń léfòó ni. Ká ní táǹkì kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 40. Bí omi bá kún un dé ẹsẹ̀ bàtà 36, tí òróró ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sì wà lókè, ẹni tó bá yọjú láti òkè, òróró ló máa rí. Bí ó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òróró ló máa kàn án. Téèpù pàápàá kò ní tú àṣírí, torí pé ó ń gba inú òróró kọjá nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀, ó sì tún gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tó ń bọ̀. Láti òkè délẹ̀ ni ara rẹ̀ á máa yọ̀. Òwò epo bẹntiróòlù ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́, òun ni wọ́n fi ń lo ọ̀dà kan tí wọ́n ń fi ra ẹnu téèpù: bí ó bá kan omi, àwọ̀ rẹ̀ á yí. Ọ̀dà náà kò wọ́n.

Olùyẹ̀wò tó gbọ́n lè sọ pé òun kò ní gba ti ojú òkè gbọ́, kí wọ́n bu òróró wá láti àárín àti láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ti ronú ìyẹn náà. Nínú àwọn táǹkì kan, wọ́n fi irin ṣe ihò tóóró kan tó ti abẹ́ ọmọrí lọ tààrà dé ìsàlẹ̀, wọ́n dí i pa, wọ́n sì fi òróró kún un. Omi ló wà ní gbogbo ìyókù. Ibikíbi tí ìgò olùyẹ̀wò bá dé nínú ihò náà, òróró sóyà tó dára ni yóò bù wá.

Ìyẹn fún àwọn táǹkì tí wọ́n wọ̀n lóòótọ́. Òróró tó wà ní Bayonne fúnra rẹ̀ ń rìn. Páìpù so àwọn táǹkì pọ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ ìfami sì lè ti òróró láti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn táǹkì náà ju ọgọ́rùn-ún lọ, èèyàn kan tàbí méjì kò sì lè wọn gbogbo wọn tán ní ọjọ́ kan. Òróró tí wọ́n wọ̀n níbí lè ti dé ọ̀hún kí olùyẹ̀wò tó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á sì tún un kà bí òróró tuntun. Ní ìgbà mìíràn wọn kò tilẹ̀ nílò ìfami. Òṣìṣẹ́ Allied ló ń gun òkè lọ, ti American Express wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ohun tí wọ́n bá pè láti òkè ni ó ń kọ. Táǹkì tó ga ń rẹni, lọ́jọ́ òjò ó ń yọ̀, ọmọkùnrin Allied sì ti fi ìwà ọmọlúàbí sọ pé òun á bá yín gùn ún.

Ìgbésẹ̀ kan wà tí ìbá tú gbogbo rẹ̀ ká: kí wọ́n ṣí fáàfù ìsàlẹ̀ táǹkì kí wọ́n sì wo ohun tó ń jáde. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí èèyàn tó wọn epo pupa rí ní ọjà wa tí kò mọ̀ pé ẹnu kẹ̀ẹ̀gì kì í sọ òtítọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò Bayonne mọ èyí náà. Wọn kò kàn ṣe é ni, torí kò sí nínú ohun tí iṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó yá, rìsíìtì ojúlówó kò tó Tino mọ́. Wọ́n jí ìwé rìsíìtì tí kò tíì ní nǹkan kan lára, wọ́n sì fọwọ́ ayédèrú sí i.

Ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè

Ó rọrùn láti sọ pé gbogbo wọn gba rìbá. Ẹ̀bùn wà, owó oṣù Allied sì dára ju ti àdúgbò lọ. Bẹ́nu bá jẹ, ojú a tì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó pàdánù owó jù kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Tino lábẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́.

Oníṣòwò tó ń kó òróró lọ sí Sípéènì ń gba èrè lórí iye tó bá kó. Allied ló lè fún un ní ọ̀pọ̀, kíákíá, lówó pọ́ọ́kú. Bí ó bá bèèrè ìbéèrè púpọ̀ jù, Tino á gbé ọjà fún ẹlòmíràn, ẹni náà á sì gba ẹ̀bùn ọdún tí ìbá jẹ́ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń yáni lówó ní láti kọ ìdí tó fi yáni sínú fáìlì, kò sì sí ìdí tó dára ju pé American Express fọwọ́ sí ẹrù náà lọ. Bí nǹkan bá wọ́, orúkọ ńlá ló tàn án jẹ, kì í ṣe òun. Ẹni tó bá ní kí òun kọ́kọ́ lọ gun táǹkì fúnra òun, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣẹ̀rín: ta ló bẹ̀ ọ́ láti di olùṣọ́ òróró?

Ní American Express náà, Bayonne kò jìnnà sí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ọkàn wọn. Ẹ̀ka ìkẹ́rù kéré. Èrè rẹ̀ ni wọ́n ń rí lórí ìwé ọdọọdún, kì í ṣe ewu tó wà nínú rẹ̀. Èèyàn lè kọ rìsíìtì òróró mílíọ̀nù dọ́là mẹ́wàá kó sì gba owó iṣẹ́ tí kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ lórí rẹ̀, àti pé ẹgbẹ̀rún díẹ̀ yẹn ni ìwé ìṣirò ń fi hàn.

Ìṣirò kan tún wà tí kò nílò àkàbà. Ìjọba Amẹ́ríkà ń tẹ iye òróró sóyà tó wà ní orílẹ̀-èdè náà jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni àwọn èèyàn tó gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn rìsíìtì Bayonne, tí wọ́n rí i pé òróró orí ìwé ọgbà kan ṣoṣo ti ju èyí tí ìjọba kà ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ. Ìwé méjèèjì wà ní gbangba. Tábìlì ẹnìkan náà ni wọn kò jọ wà.

Ẹni tó pè ní 1960

Ní 1960, ọkùnrin kan pe American Express lórí tẹlifóònù láì sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní òróró Bayonne kì í ṣe òróró. Ó dárúkọ táǹkì kan pàtó, nọ́ńbà 6006: ó ní omi ló wà nínú rẹ̀, pé ihò irin kan wà lábẹ́ ọmọrí tí wọ́n fi ń tan olùyẹ̀wò. Ó fẹ́ kí wọ́n fún òun lówó kí òun tó sọ ìyókù. Ó pè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìwọ̀nyí ni ohun tí èèyàn ń gbàdúrà pé kí ẹni tó ń tú àṣírí sọ: ibi tó wà, nọ́ńbà rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é. American Express rán àwọn èèyàn lọ wò ó. Wọ́n rí omi nínú àwọn táǹkì kan. Àlàyé tí Allied ṣe ni pé páìpù ooru ló ń jò. Àlàyé náà kò jọ irọ́: táǹkì òróró máa ń ní páìpù tí ooru omi ń gbà kọjá nínú rẹ̀ kí òróró má baà dì nígbà òtútù, àwọn táǹkì Bayonne sì ti gbó. Omi díẹ̀ tó jò wọlé kò ju ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ. Wọ́n gba àlàyé náà, wọ́n ní kí wọ́n tún páìpù ṣe, òwò sì ń lọ.

Tí a bá ní kí a dá ẹni tó gbé ìwádìí náà lẹ́jọ́, a ó rí i pé ìbéèrè tó mú lọ ni kò dára. Ó lọ wò bóyá àlàyé wà fún omi. Àlàyé máa ń wà nígbà gbogbo. Ohun tó yẹ kó béèrè ni iye omi tó wà nínú gbogbo táǹkì ní ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú fáàfù ìfami tó ti wà ní títì, kí òun fúnra rẹ̀ sì wà lókè pẹ̀lú téèpù. Lẹ́yìn ìpè yẹn, iye rìsíìtì tó jáde láti Bayonne kò dín kù. Ńṣe ló ń gòkè títí di 1963.

Ọjà ọjọ́ iwájú, àti ọjọ́ márùn-ún

Tino mọ̀ pé òun kò lè san gbèsè náà padà nípa títa òróró. Ó nílò kí iye òróró gòkè gan-an. Ó wọ ọjà ọjọ́ iwájú, níbi tí wọ́n ti ń fẹnu kò lónìí sí iye ẹrù tí wọ́n máa gbé lọ́jọ́ iwájú, ní Chicago àti ní New York Produce Exchange. Níbẹ̀, àdéhùn kan dúró fún òróró sóyà pọ́ùn 60,000, ìyẹn ẹrù ọkọ̀ ojú irin onítáǹkì kan. Ẹni tó rà á kò ní san gbogbo owó. Ìdá kékeré ni yóò fi dógò sọ́wọ́ alágbàtà rẹ̀. Bí iye ọjà bá fi sẹ́ńtì kan gòkè lórí pọ́ùn kan, ó jèrè dọ́là 600 lórí àdéhùn kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fi sẹ́ńtì kan wálẹ̀, ó pàdánù 600, alágbàtà á sì ní kó mú owó kún un lọ́jọ́ náà.

Ká ní ẹnìkan ní àdéhùn 10,000 lọ́wọ́. Sẹ́ńtì kan jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là mẹ́fà. Àdéhùn tí Allied kó jọ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù pọ́ùn òróró. Rírà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé iye ọjà sókè, iye tó gòkè sì ń mú kí òróró orí rìsíìtì náà níye lórí sí i, kí ó lè tún yáwó sí i. Ìrètí rẹ̀ wà lára Rọ́ṣíà. Ìkórè ti bàjẹ́ níbẹ̀ lọ́dún yẹn, Ààrẹ Kennedy sì ti fọwọ́ sí i ní 9 oṣù kẹwàá pé kí wọ́n ta àlìkámà fún wọn. Tí wọ́n bá ra àlìkámà, wọ́n lè ra òróró.

Òróró kò tẹ̀ lé àlìkámà. Láti ọjọ́ Ẹtì 15 oṣù kọkànlá ni iye ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, láti ibi tó ti lé ní sẹ́ńtì mẹ́sàn-án lórí pọ́ùn kan. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun 19, ó ti bọ́ sí sẹ́ńtì méje lé díẹ̀. Àwọn alágbàtà méjì ló wà nínú rẹ̀ jù: Ira Haupt & Co. àti Williston & Beane. Àwọn ló ní láti san owó náà fún ọjà ní orúkọ Allied, bí Allied bá sì kọ̀ láti san án, àpò tiwọn ló wà níwájú. Haupt ti gba rìsíìtì Bayonne lọ́wọ́ Allied, ó fi wọ́n dógò ní báǹkì ní Amẹ́ríkà àti ní London, ó sì fi owó náà gbé Allied ró.

Ní ọjọ́ 19, Allied lọ sí kóòtù pé òun ti wọ gbèsè. Ní ọjọ́ 20, Ọjà Ìpín Ìdókòwò New York dá àwọn alágbàtà méjèèjì dúró. Williston & Beane rí owó yá, wọ́n sì dá a padà láìpẹ́. Ti Haupt kò ṣeé tún ṣe, bẹ́ẹ̀ ó ní oníbàárà tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, àwọn tí kò mọ òróró sóyà rí, tí ìpín ìdókòwò wọn wà ní àkámọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì 22, nígbà tí wọ́n ń jíròrò ohun tí wọ́n máa ṣe, ìròyìn dé pé wọ́n ti yìnbọn pa Kennedy ní Dallas. Ọjà tì kí àkókò tó tó. Èyí fún wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ìsìnkú, láti jókòó. Àwọn báǹkì London rán èèyàn wá. Ọjà Ìpín Ìdókòwò New York ya mílíọ̀nù dọ́là 12 sọ́tọ̀ láti fi san àwọn oníbàárà Haupt, àwọn báǹkì sì gbà láti dá gbèsè tiwọn dúró ná. Nígbà tí ọjà ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun 26, àwọn oníbàárà Haupt ti mọ̀ pé owó wọn kò ní sọnù.

Ta ló san án

Ilé-iṣẹ́ ìkẹ́rù tí American Express dá sílẹ̀ kò ní owó tó lè san gbèsè náà, òun náà sì lọ sí kóòtù pé òun ti wọ gbèsè. Lójú òfin, American Express lè sọ pé ọmọ ni, kì í ṣe òun. Ìṣòro kan ni pé American Express fúnra rẹ̀ kì í ṣe ilé-iṣẹ́ onígbèsè-tó-níwọ̀n nígbà náà. Àjọṣe onípìn-ín àtijọ́ ni, níbi tí gbèsè lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ìpín. Ìdajì iye ìpín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ní oṣù díẹ̀. Warren Buffett, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, lọ jókòó sí ilé oúnjẹ ní Omaha láti wò bóyá àwọn èèyàn ṣì ń fi káàdì American Express sanwó. Wọ́n ń fi í sanwó, ó sì fi nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 13 ra ìdá márùn-ún nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Howard Clark, ọ̀gá àgbà American Express, pinnu pé kí àwọn san nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 60 fún àwọn tó di rìsíìtì mú. Àwọn onípìn-ín kan pe é lẹ́jọ́ pé òfin kò di gbèsè náà lé wọn lórí. Ó sọ pé orúkọ tó wà lórí ìwé owó arìnrìn-àjò náà ló wà lórí rìsíìtì. Ní 1965, wọ́n yí ilé-iṣẹ́ náà padà sí onígbèsè-tó-níwọ̀n. Ọdún náà ni Tino gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ogún ọdún. Ó jáde ní 1972.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí, àti ibi tó ṣì ń jò

Irú ìwé yìí kò parẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọjà irin ní London, LME, sọ pé òkúta ni wọ́n bá nínú àpò tó yẹ kí nikẹ́ẹ̀lì wà, nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Rotterdam: àdéhùn mẹ́sàn-án, tọ́ọ̀nù 54. Wọ́n ti ń ra àwọn àpò náà, tí wọ́n ń tà wọ́n lórí ìwé, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí wọn. Àwọn báǹkì ń yáni lówó lórí kòkó, sóyà àti àgbàdo inú ilé ìkẹ́rù ní Nàìjíríà náà, torí náà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìdí láti ka Bayonne gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tiwọn.

Kí ẹni tó yáni lówó rán olùyẹ̀wò tí òun fúnra rẹ̀ ń sanwó fún. Kí ó má ṣe fi ọjọ́ tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sọ́gbà. Bí ẹrù bá jẹ́ olómi, kí ó ti fáàfù ìfami pa kí ó tó wọ táǹkì àkọ́kọ́, kí ó fi òǹtẹ̀ tó ní nọ́ńbà sí i, kí ó wọn gbogbo rẹ̀ kí òǹtẹ̀ náà tó kúrò, kí ó ṣí ti ìsàlẹ̀, kí ó sì bu òróró wá láti ọmọrí mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n mú un lọ. Bí ó bá jẹ́ àpò, kí ó wọn àpò láti àárín òkìtì, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń tò dáadáa. Kí ó ka rìsíìtì tó ti jáde lórí ọgbà náà lápapọ̀, fún gbogbo báǹkì, kó sì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ọgbà náà lè gbà àti ohun tó ti gbé wọlé lórí ìwé ọkọ̀ àti ti ojú irin. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń kùnà jù ni báǹkì tí kò fẹ́ fi orúkọ oníbàárà rẹ̀ han báǹkì kejì: rìsíìtì méjì lórí ẹrù kan ń dúró sínú fáìlì méjì, ẹni tó mú wọn dání nìkan ló sì mọ̀ pé ẹrù kan ni.